Iṣẹ́ Kì í Pani, Ẹ̀yìn Aláàárù Ńkọ́? Àpò Kòkó àti Ojú Irin Ìdógò

Àwọn àgbà a máa ní iṣẹ́ kì í pani. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lè sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mú igbá nílẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn Ìdógò ní ilẹ̀ Yewa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni ojú irin tó yà láti Ìfọ̀, tó gba Ìlaròó kọjá, dé Ìdógò. Ibẹ̀ ló parí sí, nítòsí ibodè Dàhòmì. Láti ibẹ̀ ni kòkó àti èkùrọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, bí wọ́n ṣe ń pe Yewa nígbà náà, ti ń gba ọ̀nà Èkó lọ sí òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í ki àpò sínú ara rẹ̀. Orí àti ẹ̀yìn aláàárù ló ń gbé e. Àpò kòkó 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ni pé àpò kan wúwo ju kílò 62 lọ. Ní 1967, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, dábàá pé kí ẹrù tí ọkùnrin kan yóò máa dá gbé má ju kílò 55 lọ. Àpò kòkó kan ṣoṣo ti kọjá ìyẹn.

Kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń bani lára jẹ́. Iye àpò ni wọ́n fi ń sanwó fún aláàárù. Ẹni tó bá jókòó sinmi kò ní rówó gbà. Nítorí náà, tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, yóò fi ìpara ra á, yóò sì padà sídìí ẹrù. Ìrora tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ì bá wò a wá di ti ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin náà kò tètè rí irú ìrora yìí. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 1941 dá lórí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Ẹni tí irin já lé lẹ́sẹ̀ lè dárúkọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ wo ni aláàárù fẹ́ dárúkọ, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́? Òfin tuntun ti 2010 ti ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ọn, agbanisíṣẹ́ sì ń dá owó sí àpò NSITF fún un. Ṣùgbọ́n aláàárù ọjà, tí kò ní ọ̀gá kan pàtó, ta ni yóò dá tirẹ̀?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹnu wa pẹ̀lú. Tí bàbá àgbà bá ń fi ọwọ́ ti ìbàdí dìde, a ó ní làkúrègbé ni, tàbí ọjọ́ ogbó. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tó ṣe. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi wọ́n pé: "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́?" Kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, torí ìtàn ni.