Ta ló san owó fíìmù àtijọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù olówó pọ́ọ́kú ní Ìjàgbó lónìí, owó kámẹ́rà, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ní ìgbà Adéyẹmí Afọláyan, ìyẹn Adé Love, ọmọ Àgbámù ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ẹgbẹ́ eré ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fíìmù tó dé.

Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló ti ṣe eré orí ìtàgé kó tó dá dúró. Òun ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976. Nígbà tó di 1979, òun fúnra rẹ̀ gbé Ìjà Òmìnira jáde. (Inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin Fálétí ni ìtàn náà ti wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á fún ìdánwò á rántí.) Ọdún yẹn náà ni Hubert Ògúndé gbé Aiyé dé.

Nínú ẹgbẹ́ alárìnkiri, ẹbí àti ọmọ iṣẹ́ ló pọ̀. Àwọn ìyàwó Ògúndé ni òpó ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n mọ eré lórí, wọ́n ní aṣọ eré, wọ́n mọ ìlú tí èrò ti ń wá wòran. Ohun tí ẹgbẹ́ kò lè pèsè ni owó ń bá lọ: fíìmù tí wọn ò tíì yà, tí wọ́n ń rà lókè òkun, àti fífọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀dà díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹ̀rù àwọn tó ń jí fíìmù dà kọ ń bà á. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú tiwa.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, ohun tí wọ́n ń fi owó òkèèrè rà ló kọ́kọ́ kú. Àwọn èèyàn ò kú. Wọ́n kó wọnú fídíò. Kenneth Nnebue tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, fídíò Yorùbá ló ti kọ́kọ́ ń náwó lé.

Ibi tó ká wa lára nìyí: àwọn èèyàn máa ń sọ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe fídíò ìgbà náà. Iye náírà ni wọ́n kà. Wọn ò ka iṣẹ́ àwọn obìnrin àti ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ kí náírà yẹn tó ná. Ọ̀pọ̀ ìṣirò fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ lónìí ṣì rí bẹ́ẹ̀: àǹtí kan se oúnjẹ, ọ̀rẹ́ kan yá wọn ní ọkọ̀ bàbá rẹ̀, òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ àwọn méjèèjì.