Táyà Jẹ́dà

Ní oṣù Keje ọdún 1991, ìyá bàbá mi wà ní Mẹ́kà, gbogbo ilé wa ní Àrìgìdì sì ń retí Alhájà tuntun. Rédíò ló sọ fún wa pé ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà ti jóná. Kò sẹ́ni tó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a gbọ́ pé Sókótó ni ọkọ̀ náà ń lọ, ọkàn wa balẹ̀, ojú sì tì wá pé ó balẹ̀. Èèyàn 261 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan kò yè.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni. Ọkọ̀ DC-8 ni, iléeṣẹ́ Nationair ti Kánádà ló ń fò ó fún Nigeria Airways. Méjì nínú àwọn táyà rẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ tó, àwọn mẹkáníìkì sì mọ̀. Náítírójìn ni wọ́n ń fẹ́ sínú táyà bàlúù, ṣùgbọ́n kò sí nítòsí, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Ni wọ́n bá gbéra. Táyà tó rọ̀ ti ẹrù rẹ̀ sórí èkejì rẹ̀. Ìyẹn gbóná, ó bẹ́, táyà tó rọ̀ náà sì bẹ́ tẹ̀ lé e. Iná sọ. Àwọn awakọ̀ kò mọ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé, iná bá a wọlé.

Àwọn olùwádìí rí i pé àléébù wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ nípa táyà, àti nínú bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń ṣe iṣẹ́ táyà. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ tó fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ yá, kò bá wọn lọ́wọ́ sí àtúnṣe rárá.

Láti 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfuurufú ti wà ní Zaria, tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Bí ó bá jẹ́ èmi, ọ̀rọ̀ Jẹ́dà ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé táyà rọ̀, tí kò mọ ohun tí táyà rírọ̀ lè ṣe, kò ní lè bá ọ̀gá jiyàn. Fọganáísà oríta wa kò lọ sílé ìwé, àmọ́ mo ti rí i tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń sáré lọ sí Ìkàrẹ́.

Ìyá àgbà dé láyọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé táyà ni, kò tún wọ mọ́tò kankan mọ́ láì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.