Ta Ni Ó Jókòó Ṣèdájọ́? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ilé-Eré Sydney

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Òwe yìí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan. Ó kan iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ohun tí alágbẹ̀dẹ rí lára ọkọ́, àgbẹ̀ lè má rí i. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ nípa ọkọ́ kan náà lè má hàn sí alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí a bá ṣe ìdíje iṣẹ́ ọnà, ẹni tí ó gba ipò kìíní ni gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bèèrè irú iṣẹ́ tí àwọn onídàájọ́ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè kejì yìí ni ó sábà máa ń ṣàlàyé èkíní. Ìtàn Ilé-Eré ìlú Sydney ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, èyí tí ayé mọ̀ sí Sydney Opera House, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Olórin ni ó kọ́kọ́ béèrè fún ilé náà. Eugene Goossens, olùdarí ẹgbẹ́ olóhun-èlò orin ńlá ìlú Sydney, ti ń ké gbàjarè láti ìparí àwọn ọdún 1940 pé ìlú náà kò ní gbọ̀ngàn tí ó yẹ fún orin àti fún ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí a ń fi orin ṣe. Joseph Cahill, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales, gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ìjọba sì kéde ìdíje fún àwọn ayàwòrán-ilé gbogbo àgbáyé. Gbọ̀ngàn méjì ni wọ́n béèrè: ńlá kan tí yóò gba ènìyàn 3,000 sí 3,500 fún orin àti ọ́pẹ́rà, àti kékeré kan tí yóò gba nǹkan bí 1,200. Àwòrán 233 ni ó wọlé. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé, Goossens ti fi Ọsirélíà sílẹ̀ ní 1956.

Onídàájọ́ mẹ́rin ni ó jókòó ní oṣù kìíní ọdún 1957. Èkíní ni Henry Ingham Ashworth, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé ní Yunifásítì Sydney. Èkejì ni Cobden Parkes, ọ̀gá àgbà àwọn ayàwòrán-ilé ìjọba ní New South Wales láti 1935. Ẹ̀kẹta, Leslie Martin, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya àwòrán Royal Festival Hall, gbọ̀ngàn orin tí a ṣí ní London ní 1951, ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge ní 1956. Ẹ̀kẹrin ni Eero Saarinen, ọmọ bíbí Finland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ayàwòrán-ilé ni bàbá rẹ̀ náà. Saarinen ti kọ́ gbọ̀ngàn kan ní Massachusetts tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì ń ya àwòrán ilé kan lọ́wọ́ fún pápákọ̀ òfurufú New York, èyí tí òrùlé rẹ̀ dà bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Bí a bá wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, a ó rí i pé ipò wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn kọ́. Kò sí olórin láàrin wọn, kò sí olùdarí eré, kò sí ẹnjiníà. Lóòótọ́ Martin ti kọ́ gbọ̀ngàn orin rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ilé fún olórin kò tíì di olórin.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1957, wọ́n kéde pé Jørn Utzon, ọmọ ọdún 38 láti Denmark, ni ó borí. Ìtàn kan gbajúmọ̀ pé Saarinen pẹ́ kí ó tó dé, pé òun ni ó fa àwòrán Utzon yọ láàrin èyí tí àwọn yòókù ti kọ̀ sílẹ̀. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé Saarinen ti àwòrán náà lẹ́yìn gidigidi. Kò yani lẹ́nu, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń wá ọ̀nà tí kọnkéré yóò fi dà bí ohun tí ó fẹ́ fò. Àwọn onídàájọ́ gbà nínú ìròyìn wọn pé àwòrán náà kò kún, pé ó rọrùn jù. Síbẹ̀, ó dá wọn lójú pé ó lè di ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá ayé. Ojú ayàwòrán-ilé ni ó rí èyí, ó sì rí i dájú.

Ohun tí ojú náà kò rí kò pẹ́ kí ó tó yọjú. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ bí òrùlé náà yóò ṣe dúró. Iṣẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1959, nígbà tí ìṣirò òrùlé kò tíì parí. Wọ́n ní láti wó lára àwọn òpó ìsàlẹ̀ kí wọ́n tún un mọ. Ọdún 1961 ni a tó rí ojútùú, pé kí a gé gbogbo òrùlé náà jáde bí ẹni pé láti ara bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá. Owó ń ga sí i. Ìjọba yí padà ní 1965, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin Utzon àti Davis Hughes, mínísítà iṣẹ́ òde, Utzon sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1966. Kò padà wá wo ilé náà títí ó fi kú ní 2008.

Gbọ̀ngàn ńlá kò lè gba orin àti ọ́pẹ́rà pọ̀ bí a ti béèrè. Lẹ́yìn tí Utzon lọ, wọ́n fi í fún orin nìkan, wọ́n tú ẹ̀rọ ìtàgé tí a ti dè síbẹ̀ kúrò, wọ́n sì lé ọ́pẹ́rà lọ sí gbọ̀ngàn kékeré, níbi tí àyè ti há fún àwọn olóhun-èlò. Ọ̀rọ̀ tí olórin ìbá ti sọ lọ́jọ́ ìdájọ́, ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí a tó gbọ́ ọ.

Mílíọ̀nù 3.5 pọ́n-ùn ni wọ́n kọ́kọ́ fojú bù, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù 7 dọ́là lẹ́yìn tí Ọsirélíà pààrọ̀ owó rẹ̀ ní 1966. Mílíọ̀nù 102 dọ́là ni ilé náà ná wọn. Oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n ní yóò parí. Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1973 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí i.

Ǹjẹ́ àwọn mẹ́rin náà ṣìdájọ́ bí? Ẹni tí ó bá yára dáhùn yóò jìn sí kòtò. Bí ẹnjiníà àti olórin bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yan ilé mìíràn tí ó rọrùn láti kọ́, tí ẹnikẹ́ni kì bá sì máa rin ìrìn àjò lọ wò. Ilé tí wọ́n yàn ni àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2007, nígbà tí Utzon ṣì wà láàyè. Àṣìṣe kò sí nínú yíyàn. Inú bí wọ́n ṣe sọ ìdájọ́ oníṣẹ́ kan di àṣẹ fún iṣẹ́ gbogbo ni ó wà. Ayàwòrán-ilé lè sọ pé ilé kan lẹ́wà. Kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó yẹ kí a pe ẹni tí yóò gbé e ró àti ẹni tí yóò kọrin nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí a bá ń ṣe ìdíje aṣọ eré orí ìtàgé, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà yóò wo àwọ̀, aránṣọ yóò wo ojú rírán, ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ jó yóò sì sọ bóyá apá rẹ̀ ṣeé gbé sókè. Ní Sydney, ọdún 2020 sí 2022 ni wọ́n fi tún gbọ̀ngàn ńlá náà ṣe kí ohùn orin lè já gaara níbẹ̀, ọdún márùndínláàádọ́rin lẹ́yìn tí àwọn onídàájọ́ dìde.