Àlàfo inú Téèpù: Ẹ̀kọ́ láti inú Ọ̀ràn Watergate

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí a gbọ́ tọ̀tún tòsì kí a tó dájọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí bá pòórá lọ́wọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ńkọ́? Ǹjẹ́ àìsí ẹ̀rí lè di ẹ̀rí? Ìbéèrè yìí dojú kọ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1973 àti 1974.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, 1972, ọlọ́pàá mú ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní ilé Watergate, ní ìlú Washington. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Ààrẹ Richard Nixon pé ó ń bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù keje, 1973, Alexander Butterfield, tí ó ti bá Ààrẹ ṣiṣẹ́ rí, jẹ́wọ́ fún àwọn aṣòfin pé ẹ̀rọ kan ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Nixon. Ilé-ẹjọ́ bèèrè fún àwọn téèpù náà.

Nínú téèpù ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, 1972, níbi tí Nixon àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, H. R. Haldeman, ti ń sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú méjìdínlógún àti ààbọ̀ ti di kìkì ariwo ẹ̀rọ. Akọ̀wé Ààrẹ, Rose Mary Woods, ní ó lè jẹ́ pé òun ṣèèṣì pa nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ́ níbi tí òun ti ń dáhùn tẹlifóònù. Àwọn onímọ̀ mẹ́fà yẹ téèpù náà wò. Ní oṣù kìn-ín-ní, 1974, wọ́n ní, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́.

Àlàfo náà fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, títí di òní. Ìwé tí Haldeman fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà fi hàn pé wọ́n mẹ́nu ba Watergate. Kò tú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn síta. Ìfura pọ̀ sí i, ìgbẹ́kẹ̀lé sì dín kù, síbẹ̀ Nixon wà lórí oyè.

Téèpù mìíràn tí kò bàjẹ́ ni ó ṣe é. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje, 1974, àwọn adájọ́ mẹ́jọ ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi ohùn kan pàṣẹ pé kí Nixon kó àwọn téèpù tí ó kù sílẹ̀. Nínú ti ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, 1972, a gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí ó ti gbà pé kí a lo àjọ CIA láti dá ìwádìí àjọ FBI dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, 1974, ó fi ipò sílẹ̀.

Ẹ̀rí tí a bàjẹ́ tó láti mú kí àwọn olùwádìí túbọ̀ tú ilé wò. Kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Dandan ni kí a kọ́kọ́ mọ ìka náà.