Kí Ni À Ń Pè Ní Sólà?

Ní Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn, bí ẹnìkan bá ní òun ti ra sólà, kò tíì sọ ohun tó rà. Ó lè jẹ́ fìtílà kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Ó lè jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì méjì lórí páànù. Ó sì lè jẹ́ odindi ètò: pánẹ́ẹ̀lì, ìnfátà, bátìrì àti gbogbo waya tó so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, tí àwọn tí wọ́n kó sí Band A, ìsọ̀rí owó iná tó ga jù, sì bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan bí ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀rọ̀ sólà ti kúrò ní ti olówó nìkan. Láti Ìjókòdó wọ Apẹ̀tẹ̀, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí i lórí ilé onílé àti lórí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn ń háyà. Èdè tí a fi ń rà á ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí inú èdè yẹn ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Èmi kò sí lára àwọn tó fẹ́ lé "sólà" jáde nínú Yorùbá. Ó ti wọlé, ó ti jókòó. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959. Títí dòní, oníròyìn ń pe ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ìyá onílé ń pè é ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Amúnáwá àti jẹnẹrétọ̀ náà jọ ń gbé láìjà. Ibi tí mo rò pé ó ti di dandan ká dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti fi iṣẹ́ nǹkan pa mọ́ fún ẹni tó ń sanwó.

Ẹ jẹ́ ká mú pánẹ́ẹ̀lì. Ó ń gba oòrùn. Bí Yorùbá ṣe máa ń sọ nǹkan lórúkọ, agboòrùn ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ àbúrò agbòjò ti gba orúkọ yẹn tipẹ́: agboòrùn ni ohun tí à ń nà sókè kí oòrùn má baà pa wá. Ìyẹn ń gba oòrùn dànù, èyí ń gbà á lò. Àwọn kan wá ní ká pè é ní asoòrùn-diná. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Bí Yorùbá bá ní oòrùn mú, ooru ló ń sọ, ìyẹn ni pé ó ń jóni lára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníbàárà fi gbà pé ọjọ́ tó bá gbóná jù ni bátìrì yóò tètè kún. Irọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Edmond Becquerel rí tó ń di iná ní ilẹ̀ Faransé ní 1839, ìmọ́lẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì sólà onísílíkọ́nì tí wọ́n ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1954 ń lò. Ooru ń dí i lọ́wọ́ ni. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ìgbà tí ara rẹ̀ wà ní 25°C ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn lórí páànù, ara rẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C, dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá sì fi lé ní 25 ń jẹ nǹkan bí 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́, ló ń gbádùn. Nítorí náà, bí a bá máa sọ ọ́ lórúkọ, asọ̀tànṣán-diná ni mo fara mọ́. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò parọ́.

Ó tún ku èyí tó ń yí ojú pẹ̀lú oòrùn, tí wọ́n máa ń gbé sórí òpó irin ní ẹ̀yìnkùlé, tí mọ́tò kan ń darí rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Atẹ̀lé-oòrùn ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. N kò fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá tẹ̀lé èèyàn ti kúrò níbi tó wà. Òpó yìí kò kúrò níbì kan, ojú rẹ̀ ló ń yí. Abá-oòrùn-yí ló bá a mu jù. Èyí tó ń yí láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn nìkan yóò jẹ́ abá-oòrùn-yí ọlọ́nà kan. Èyí tó tún ń tẹ̀ sí àríwá àti gúúsù yóò jẹ́ ọlọ́nà méjì. Kí a má sì kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀ di bóòrùn, nítorí àwọn kan yóò gbọ́ ọ bí "bí oòrùn".

Ibi tí Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù rèé. Oòrùn yọ, ó di ìyálẹ̀ta, ó kàn tàrí, ó yẹ̀ tàrí, ó rọlẹ̀, ó wọ̀. Ẹni tó ń ṣètò mọ́tò kò nílò ọ̀rọ̀ òkèèrè kankan láti sọ ibi tó yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Ó tiẹ̀ nílò èdè yìí ju aago lọ. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlà 15° ìlà-oòrùn, Ìbàdàn sì wà ní nǹkan bí 4°. Dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Oòrùn kì í kàn wá ní tàrí ní aago méjìlá, nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ń sún síwá sẹ́yìn díẹ̀ bí oṣù bá ṣe ń yí. Àwọn Mùsùlùmí tó ń dúró kí oòrùn yẹ̀ tàrí kí wọ́n tó kí ìrun Àílà mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá fi pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ́jú ní aago méjìlá géérégé ti fi nǹkan bí dígírì mọ́kànlá ṣìnà. Bákan náà, oòrùn kì í fìgbà gbogbo gba orí wa kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ló ń kàn wá ní tàrí gan-an. Láàárín méjèèjì, ó ń gba àríwá kọjá. Ní oṣù kejìlá, ó ti lọ sí gúúsù ní nǹkan bí dígírì mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ṣé ó yẹ kí onílé kan ní Apẹ̀tẹ̀ ra abá-oòrùn-yí? Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ọlọ́nà kan lè fi nǹkan bí 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún iná tó ń wọlé. Àmọ́ láàárín òjò, nígbà tí ìkùukùu bo gbogbo ojú sánmà, ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kò sí ohun tí mọ́tò ń lé. Ìjì oṣù kẹta náà ń bẹ, òjìji igi máńgòrò aládùúgbò ń bẹ. Pánẹ́ẹ̀lì ti rọjú débi pé fífi ẹyọ kan kún èyí tó wà lórí ilé kì í sábà náni lówó tó mọ́tò. Kí orúkọ náà wà ṣáá, nítorí ọ̀rọ̀ sólà kò mọ sí Nàìjíríà. Ní 2022, ibùdó sólà oní mẹ́gáwáàtì 25 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Illoulofin, ní Pobè, láàárín àwọn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èdè Faransé ni àwọn ti ń yá ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àwa. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi Yorùbá dá ni yóò ré ààlà kọjá.

Ibi tó ń dùn mí jù ni "agbára". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi ń pe ohun méjì tí kò jọra: iye tí ìnfátà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, àti iye iná tó wà nípamọ́ nínú bátìrì. Oníṣòwò á ní "agbára rẹ̀ pọ̀", oníbàárà á sanwó, iná á lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Alábàárù ọjà Bódìjà tó lè gbé àpò ìrẹsì nílẹ̀ lè má lè gbé e dé ọ̀nà jíjìn. Gbígbé ọ̀tọ̀, bó ṣe máa jìnnà tó ọ̀tọ̀. Bátìrì olómi 12 fólítì méjì, 200Ah ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní wáàtì-wákàtí 4,800. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n tètè kú kò ní lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 2,400. Ìnfátà tí wọ́n so mọ́ wọn lè gbé ayọ́ọ̀nù oní 1,000 wáàtì láìkùn, àmọ́ kò ní ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ tí ìdajì náà fi tán. Fáànù méjì pẹ̀lú gílóòbù mẹ́rin tí gbogbo wọn kò ju 150 wáàtì lọ yóò lò ó láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí.

Ohun tó wú mi lórí ni pé àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ iná, ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. "Kò lè gbé e" ni wọ́n ń sọ fún ti ìnfátà. "Kò ní pẹ́" ni ti bátìrì. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ni mo ti yọ tèmi: ìwọ̀n-gbígbé fún wáàtì, ìwọ̀n-àpamọ́ fún wáàtì-wákàtí. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì, àmọ́ ọwọ́ olùkọ́ ni wọ́n ti wá, fún lílò nínú kíláàsì. Ti sólà yàtọ̀. Orí àkàbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, iṣẹ́ onímọ̀ èdè sì ni kó lọ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ kó gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ tó yọ owó, ẹ bi oníṣẹ́ yín pé: èló ni ìwọ̀n-gbígbé ìnfátà yìí? Èló ni ìwọ̀n-àpamọ́ bátìrì yìí, èló nínú rẹ̀ ni mo lè lò? Bí kò bá lè dáhùn ní Yorùbá tó yé yín, ẹ mú owó yín dání, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn.