Ògòǹgò Tí Kò Lọ Sójú Ogun

Ní ọdún 1749, Michel Adanson, ará Faransé kan tó ń kọ́ nípa ewéko, dé ibùdó àwọn oníṣòwò ní Podor, létí odò Sẹ̀nẹ̀gà. Ó bá ògòǹgò méjì níbẹ̀ tí wọn kò tí ì dàgbà tán, àmọ́ tí ara wọn ti mọ́ èèyàn. Ọmọdé méjì gun èyí tó tóbi jù. Bí ẹyẹ náà ṣe mọ̀ pé nǹkan ti wà lẹ́yìn òun báyìí, eré ló bẹ́ sí, ó sì gbé wọn yí abúlé po léraléra. Adanson ní kí àwọn àgbàlagbà náà gùn ún wò, ẹyẹ kò sì kọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré wọn yóò ju ti ẹṣin tó yára jù ní Ìlú Ọba lọ. Ó tún kọ ohun kan tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò dá: kò sí bí èèyàn ṣe lè dá ẹyẹ náà dúró, àfi kí àwọn tó wà nílẹ̀ lọ dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló yẹ kí àwọn olólùfẹ́ géèmù fi sọ́kàn. Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ Williams ní Amẹ́ríkà gbé Joust jáde, níbi tí jagunjagun ti gun ògòǹgò, tó di ọ̀kọ̀ mú, tó tiẹ̀ ń fò lókè. Ní 1988, Final Fantasy II tó ti Japan wá mú chocobo dé, ẹyẹ ńlá aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin. Lóde òní, ẹyẹ tí kì í fò tí wọ́n sìn, tí wọ́n kọ́, tí wọ́n sì gùn lọ sógun kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn àròsọ. Nínú ìtàn gidi ńkọ́? Wọ́n ti gun ògòǹgò, wọ́n ti so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n ti sìn ín ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ogun nìkan ni kò bá wọn lọ.

Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, Ptolemy Kejì, ọba Íjíbítì, ṣe ìwọ́de ńlá kan ní Alẹkisáńdíríà. Ògòǹgò wà lára àwọn ẹran tó fa kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n so wọ́n ní méjì méjì lọ́nà mẹ́jọ. Pausanias, ará Gíríìsì tó rìnrìn àjò kiri tó sì ń kọ ohun tó bá rí, sọ nípa ère Arsinoe, ayaba ọba yẹn, lórí Òkè Helicon: ògòǹgò onídẹ ló gbé e. Wọ́n tún ní Firmus kan, tó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Róòmù ní Íjíbítì, a máa gun ògòǹgò. Ṣùgbọ́n Historia Augusta ni ìwé tó sọ ìyẹn, irọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn òpìtàn kì í fi gbogbo ara gbà á. Ptolemy yìí kan náà ń kó erin jọ fún ogun. Ògòǹgò ní tirẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ni wọ́n ń mú un jáde.

Ara ẹyẹ náà ló fà á. Akọ ògòǹgò lè ga ju mítà méjì lọ, ó lè wọn kìlógíráàmù 120, eré rẹ̀ sì lè tó kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n gbé ọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 60 lé e lẹ́yìn, ìdajì ara rẹ̀ ló rù yẹn. Ẹṣin tó wọn 450 kò ní ka ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí, àyè gàárì, asà àti ẹ̀wù ogun á sì tún ṣẹ́ kù. Ẹni tó gun ògòǹgò kì í sábà lo gàárì tàbí ìjánu. Á jókòó sẹ́yìn apá, á ki itan bọ abẹ́ apá méjèèjì, á di ìdí apá mú ṣinṣin, á sì fara sẹ́yìn díẹ̀ kó má bàa dojú bolẹ̀. Ọwọ́ wo ló wá kù tí yóò fi ju ọ̀kọ̀?

Ojú ògòǹgò tóbi ju ọpọlọ rẹ̀ lọ, ojú yìí náà sì ni àwọn tó ń sìn ín ní Gúúsù Áfíríkà fi mú un. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dákẹ́, wọ́n á fi àpò kékeré tàbí ìbọ̀sẹ̀ bò ó lórí, kíá lara rẹ̀ á balẹ̀. Bí akọ bá kọjú ìjà sí wọn lásìkò tó ń gun abo, wọ́n á na ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún gígùn sí i, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun kan ojú òun. Kì í ṣe pé kò lè jà o. Iwájú ló ń ta ìpá sí, èékánná ńlá kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè la ikùn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹran ogun tí ìbọ̀sẹ̀ lè mú dákẹ́ tí ẹ̀ka igi sì lè dá padà, ta ni yóò gùn ún lọ pàdé ọ̀tá?

Àwọn ológun Ọsirélíà ti bá ẹyẹ ńlá jà rí, ẹnì kankan kò sì gun ẹyẹ náà. Ní 1932, wọ́n kó ìbọn Lewis méjì àti ọta 10,000 lọ bá àwọn emu tó ń ba àlìkámà àwọn àgbẹ̀ jẹ́ nítòsí Campion. Emu fọ́n ká sínú pápá, ọta ń tán, ẹyẹ kò tán.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹlẹ́ṣin ni agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́. Òkè Ọya ni ẹṣin ti ń wá, àrùn tí eṣinṣin ń gbé kiri sì ń pa wọ́n, débi pé rírà ni wọ́n ń rà kún un nígbà gbogbo. Síbẹ̀ ẹṣin náà ni wọ́n ń rà. Àwọn Hausa tí ògòǹgò wà nítòsí wọn, ẹṣin ni àwọn náà gùn lọ sógun, ìyẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹyẹ. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò sọ pé Muhammad Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, ló kọ́kọ́ lo bàtà àti abẹ̀bẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ ògòǹgò. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ràkúnmí fi ru irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Tírípólì, kó tó dé orí àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ní Yúróòpù.

Ìyẹ́ yìí ló sọ Oudtshoorn, ìlú kékeré kan ní Gúúsù Áfíríkà, di ìlú olówó. Tẹ́lẹ̀, ọdẹ ló ń pa ògòǹgò nínú igbó kó tó rí ìyẹ́ mú. Lẹ́yìn 1860 ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín. Nígbà tí wọ́n ka ẹran ọ̀sìn ní Cape, àgbègbè tí ìlú náà wà, ní 1865, ọgọ́rin péré ni ògòǹgò ilé. Ní 1875, wọ́n ti lé ní 21,000. Wáyà tí wọ́n fi sọgbà ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni koríko lusáànì tí wọ́n ń bomi rin. Ṣùgbọ́n ohun tó yí nǹkan padà jù ni àpótí gbígbóná tí Arthur Douglass ṣe ní 1869, tó ń bá ẹyẹ sàba lé ẹyin fún ọjọ́ méjìlélógójì.

Wọn kì í fa ìyẹ́ náà tu nígbà tó ṣì tutù. Àwọn òṣìṣẹ́, tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, á ti ẹyẹ sínú igun onígi tó há, tí kò fi ní lè yí padà tàbí ta ìpá. Wọ́n á fi àpò bò ó lórí, wọ́n á sì gé ìyẹ́ funfun apá rẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Kùkùté tó kù á gbẹ fún bí oṣù méjì kí wọ́n tó fà á yọ, kí òmíràn lè hù. Ẹyẹ kò kú, ọjà sì tún ń bọ̀. Àwọn Júù tó ti Lithuania wá ló ń rà á kiri oko, Max Rose sì lókìkí jù nínú wọn. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ta á ní gbàǹjo. Nígbà tó fi di 1913, lẹ́yìn wúrà, dáyámọ́ńdì àti irun àgùntàn, ìyẹ́ ni ọjà kẹrin tó ń mówó wọ Gúúsù Áfíríkà jù. Ilé òkúta tí àwọn àgbẹ̀ fi owó yẹn kọ́ ṣì wà ní Oudtshoorn, ààfin ìyẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá ní irú ọjà yìí kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn ní in. Cape gbé owó orí £100 lé ògòǹgò kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀ wọn. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́ pé ògòǹgò kan wà ní àríwá tí ìyẹ́ tirẹ̀ ki ju ti wọn lọ. Ní 1911, ìjọba rán Russel Thornton àti àwọn kan jáde ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n sì wá títí dé Kánò. Wọ́n gbìyànjú lápá ibi tí Faransé ń ṣàkóso, ní Zinder, Faransé kò gbà kí ẹyẹ jáde. Níkẹyìn, wọ́n rí ẹyẹ tí iye rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún kó jọ, èbúté Èkó ni wọ́n sì ti kó wọn sínú ọkọ̀ òkun ní 1912. Ìran yẹn ì bá wu èèyàn láti wò, ògòǹgò rẹpẹtẹ pẹ̀lú ọrùn gígùn lórí omi Èkó.

Wọ́n fẹ́ fi wọ́n gun ti ilé kí irú-ọmọ wọn lè dára sí i, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ló kù. Ní 1914, ọjà fọ́. Ogun bẹ́ sílẹ̀, obìnrin kò lè dé àkẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ gàgàrà nínú mọ́tò tí kò lórùlé, ìyẹ́ tó wà nílẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ wọ gbèsè, àwọn kan pa ẹyẹ wọn, àwọn kan ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Ìgbà tí ìyẹ́ kò tà mọ́ ni gígun ògòǹgò wá di iṣẹ́ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní Oudtshoorn. Amẹ́ríkà ti ṣe é ṣáájú wọn: ọgbà Edwin Cawston ní California ń ta káàdì tí ògòǹgò ti ń fa kẹ̀kẹ́, tí èèyàn sì ń gùn ún. Láti 1989 ni Chandler ní Arizona ti ní ọdún ògòǹgò tirẹ̀, eré ìje sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Oudtshoorn lónìí, ẹran àti awọ ló ń mówó wá jù, ìyẹ́ di ohun ìgbá-eruku, àwọn ọgbà kan sì ti fòfin de gígun ẹyẹ pátápátá, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ẹrù àlejò.