Òkè, Ọgbà àti Ọdún ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwọn alákọ̀wé, pé ìgbafẹ́ kì í ṣe ti Yorùbá. Wọ́n ní òyìnbó ni ó kọ́ ènìyàn dúdú pé kí ó dìde ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó gun òkè tí kò ní oko lórí rẹ̀, tàbí kí ó máa rìn kiri nínú ọgbà tí kò ní í ká èso kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìtàn Ìbàdàn wọn ọ̀rọ̀ yìí yóò rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ní ìlú náà, ọjọ́ kan ń bẹ nínú ọdún tí wọn kì í dá iná, tí wọn kì í ná ọjà, tí tọmọdé tàgbà sì ń tú sí ìgboro nítorí òkè kan ṣoṣo. Bí a bá ń wá ohun tí ó yàtọ̀ láàárín ìyẹn àti ìgbafẹ́ ayé òde òní, kì í ṣe ìgbádùn ni ó yà wọ́n. Ìrántí ni.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lágelú, jagunjagun kan láti Ilé-Ifẹ̀, ni ó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó ní ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó àti pápá ti pàdé. Ní ọjọ́ ọjà kan, aṣọ bọ́ lára egúngún láàárín ọjà. Àwọn obìnrin àti ọmọdé rí ohun tí ojú wọn kò gbọdọ̀ rí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìròyìn náà dé etí Aláàfin, ogun sì dìde láti pa ìlú náà rẹ́. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sá gun òkè kan ní ìhà Ẹlẹ́yẹlé. Òrò inú igbó àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìkarahun ìgbín tí wọ́n jẹ tán ni wọ́n sì fi ṣe ife àti àwo. Títí di òní, oríkì ìlú náà kò jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn gbàgbé oúnjẹ ìpọ́njú yìí. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé Ṣàngó gan-an ni Aláàfin ìgbà náà. Ó ṣòro láti mú èyí bá ìtò àwọn ọba Ọ̀yọ́ mu, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á torí ìyẹn da ìtàn náà nù: ẹni tí ó ń sọ ọ́ fẹ́ kí ẹni tí ó jẹni níyà tóbi tó ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ àdììtú fún òpìtàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ Ṣàngó rárá. Ìbàdàn tí ayé mọ̀ lónìí kì í ṣe Ìbàdàn Lágelú. Ní ọdún 1829, lẹ́yìn tí Òwu àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ti fọ́, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ sọ ahoro ibẹ̀ di ibùdó. Àwọn Ẹ̀gbá kan wà láàárín wọn. Ní ọdún 1830 ni wọ́n kó kúrò, tí wọ́n lọ bá òkè tiwọn, Olúmọ, tí wọ́n sì dá Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó kù, ọwọ́ àwọn Ọ̀yọ́ sì borí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó wá di olórí ìlú náà tí bàbá rẹ̀ jẹ ìgbín lórí òkè Lágelú. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ará Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ogun Ọ̀yọ́ ni ìtàn sì sọ pé ó lé àwọn ará àtijọ́ gun òkè. Kí ni ó wá mú wọn gba ọdún òkè náà, tí wọ́n sọ ọ́ di ọdún gbogbo ìlú?

Ìdáhùn tí ó sún mọ́ ọgbọ́n jù ni pé ibùdó ogun kì í ní ilẹ̀ baba. Olúkúlùkù jagunjagun gbé òrìṣà ilé rẹ̀ wá: ti Ìkòyí, ti Ọ̀fà, ti Ifẹ̀. Kò sí èyí tí èkejì lè tẹ̀lé láì dà bí ẹni tí ó tẹrí ba. Òkè nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni wá láti ilé. Nítorí pé kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, ó rọrùn fún un láti jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọjọ́ tí àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ òkè tí ó gba àwọn ẹlòmíràn là, ọjọ́ náà ni ibùdó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í di ìlú. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka ọdún Òkè'bàdàn sí ẹ̀rí ìtàn, kí á má kà á sí eré lásán.

Oṣù kẹta ni ọdún náà sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ tí àgbẹ̀ sì ń wo ojú ọ̀run. Abọ́kè, olórí àwọn tí ń bọ òkè, a di irun, a sì wọṣọ bí obìnrin, nítorí pé ìyá ni wọ́n ka òkè sí. A máa lọ ṣe àdúrà fún Olúbàdàn, fún ìlú, fún àwọn tí ń wá ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni orin wá kù. Àwọn orin náà kò ṣe é tẹ̀ sórí ìwé tí àwọn olùkọ́ yóò kà: ìdí, ìtan àti ohun tí ó wà láàárín wọn ni wọ́n dá lé, wọn kò sì yọ ìjòyè tàbí ọlọ́rọ̀ sílẹ̀. (Àwọn tí ń sọ pé àwọn kò mọ̀ wọ́n rí sábà máa ń mọ ohùn wọn dáadáa.) Nínú ìlú tí agbára ológun ti wúwo lọ́rùn mẹ̀kúnnù, ọjọ́ kan tí ẹnu kò ní ààlà kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn oníwàásù ti bá ọdún náà wí títí, síbẹ̀ kò parẹ́. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní ọdún 1911, jẹ́ aṣáájú pàtàkì nínú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi. Òun náà ni ó sì jẹ Olúbàdàn láti ọdún 1955 títí di 1964. Ọdún Òkè'bàdàn bá a lórí oyè, ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Òkè kejì tí àwọn ènìyàn ń gùn ní Ìbàdàn ni Òkè Àrẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 1893 ni Ìbàdàn bá ìjọba Èkó dá májẹ̀mú, tí Captain R. L. Bower sì di aṣojú ìjọba níbẹ̀. Bower yìí náà ni ó yìnbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Ní ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé gíga kan sórí Òkè Àrẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, ó ga tó nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì ń yí po lọ sókè. Ẹni tí ó bá dé orí rẹ̀ yóò rí páànù Ìbàdàn tí ó tẹ́ lọ bí ẹni tí ó sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta, yóò sì rí Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ti parí láti ọdún 1929.

Àwọn tí ó kọ́ ọ fẹ́ kí orúkọ Bower máa wà lẹ́nu títí láé. Láyípo ni ará ìlú pè é. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀; ohun tí ẹsẹ̀ wọn rí nínú àtẹ̀gùn náà ni ẹnu wọn sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó ti gun Láyípo tí kò mọ̀ pé ìrántí ẹnì kan ni. Àwọn kan lè kédàárò pé àìmọ̀ ni èyí. Ó dára láti mọ ohun tí Bower ṣe, pàápàá fún ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ìlú kò jẹ gbèsè ìrántí fún ẹni tí kò yàn.

Ọ̀ràn ọgbà Àgodi le ju ti òkè méjèèjì lọ. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko, lẹ́bàá odò Ògùnpa, níbi tí wọ́n ti sé omi náà di adágún. Àwọn ìdílé a máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ọdún. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ láìdá. Ògùnpa kún, ó gba ọgbà kọjá, ó wọ àárín ìlú, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Odò náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1978. Omíyalé ni orúkọ tí ìlú sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọgbà náà di ohun àpatì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe, tí ó sì ṣí padà ní ọdún 2014, pẹ̀lú ibi ìwẹ̀ fún àwọn ọmọdé àti owó ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé àṣìṣe ni láti fi ọgbà sí ẹ̀bá odò. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn kọ́ sí etí Ògùnpa, ọgbà nìkan ni omi lè bò mọ́lẹ̀ kí ó sì tún hù. Ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ni ó pa ènìyàn. Nígbà tí àgbàrá tún ya Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ohun kan náà ni ó tún ṣẹlẹ̀ ní etí àwọn odò mìíràn. Òkè ní Abọ́kè tí ń ránni létí lọ́dọọdún; kò sí ẹni tí ń bọ Ògùnpa kí ìlú má baà gbàgbé.

Ní ìhà àríwá ìlú, Yunifásítì Ìbàdàn ní ọgbà ewéko àti ọgbà ẹranko tirẹ̀. Ẹranko díẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní ọdún 1974. Bí ènìyàn bá tún kọjá síwájú ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, yóò dé ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà. Nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ ni wọ́n dá sí fún igbó. Àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ a máa rìn ínú igbó yìí ní òwúrọ̀, wọ́n ń wá ẹyẹ kan tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, dúdú tí pupa sì wà ní orí àti àyà rẹ̀. Elgood, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì náà, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́: *Malimbus ibadanensis*. Ibi díẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé ní gbogbo ayé.

Ó rọrùn fún ẹni tí ń rìn níbẹ̀ láti rò pé igbó àtọdúnmọ́dún ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1965 oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀, abúlé sì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó kó àwọn olóko kúrò. Igi ti hù bo ebè wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ṣì wà láàárín àwọn igi náà, ní ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀.